Owó Orí Tí Àwa Fúnra Wa Bù Lé Ìrẹsì

Ìgbà òjò ni, lọ́dún tí ìrẹsì wọ́n débi pé ẹni tó bá rí kóńgò kan rà á dúpẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí à ń já ẹrù ní èbúté Kirikiri. Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé, a sì máa ń dáwó jọ lóṣooṣù ra ọjà ní ilé ìtajà ńlá kan ní Liverpool Road. Kálukú á san iye ọjà tó bá mú, ṣùgbọ́n owó orí tó bá wà nísàlẹ̀ rìsíìtì, gbogbo wa la jọ ń pín in lọ́gbọọgba.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ jókòó síwájú mi lónìí ti gbọ́ pé a bá ilé ìtajà náà jà, a sì borí. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín.

Mo rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà owó orí lórí rìsíìtì wa. Ìrẹsì àti ẹ̀wà wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé òfin ò fi owó orí sórí wọn. Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì a dí ẹnu ọ̀nà wọn, mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Bàṣírátù, ọmọ Ijora Badia tó ń gbowó ní káńtà, jáde sí wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé owó orí VAT yẹn fún yín."

"Àlàyé kí ni? Olè ni ẹ́! Ìwọ lo tẹ owó yẹn sínú ẹ̀rọ!" ni mo fi pariwo mọ́ ọn.

"Na so! Dem don chop our money!" ni ẹnìkan kígbe lẹ́yìn mi.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá rẹ̀ dá owó náà padà, ó sì lé Bàṣírátù kúrò níṣẹ́ kí ọkàn wa lè balẹ̀. Orin la kọ wálé.

Ìyá Rúkà, opó kan tó ń bá wa dáwó, tó sì mú ìrẹsì nìkan, wá bá mi. "Akọ̀wé, èló ni tèmi nínú owó tí wọ́n dá padà?"

Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Náírà méje àbọ̀ ni owó orí lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, ọṣẹ àti ìpara jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Bí wọ́n bá gbà á lórí gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ̀rún méje àbọ̀ ni ìbá jẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta jẹ́ ti ọṣẹ àti ìpara nìkan, kò lé, kò dín. Ilé ìtajà ò fọwọ́ kan ìrẹsì. Àwa tá a pín in lọ́gbọọgba la bù ú lé opó tí kò ra ọṣẹ. Ojú tì mí, mi ò lè wo Ìyá Rúkà.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Mo sọ ọ́ fún àwọn olóyè ẹgbẹ́. "Kọ́mírédì, ẹ má tú wa fó," ni wọ́n wí, mo sì gbà. Lónìí, a ti ń pín owó orí bó ṣe tọ́, ilé ìtajà náà sì ń fi àmì sára ọjà tó ní owó orí. Èrè wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò gba Bàṣírátù padà.

Èmi nìkan ni mo yọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ní Badia.

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n níwájú èrò lẹ ti pè mí lólè. Ta ló máa sọ fún wọn?"

Láti ọjọ́ náà, mo ti dúró níwájú èrò lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ń gbé òótọ́ ọ̀rọ̀ náà mì. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́: Bàṣírátù ò jalè.