Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì tí Annerose Rà

Annerose Lötzsch kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ èèyàn kó má yí i padà wo abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń pín lẹ́tà kiri abúlé Oberlauter, ajá tó ń jùrù sì ti bù ú jẹ ju ajá tó ń gbó lọ. Bí aládùúgbò bá gbé kéèkì wá fún un, yóò gbà á, yóò dúpẹ́, yóò sì jókòó ti kéèkì náà, kó máa ro ohun tí aládùúgbò ń fẹ́. Ìfura loògùn àgbà, òun sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Ehrenfried Gottlöber dá a dúró lẹ́yìn ìdánrawò ẹgbẹ́ afọnfèrè ìjọ, tó ní, "Annerose, láàárọ̀ Àjíǹde, ẹ̀gbẹ́ mi ni kí o dúró sí, ká jọ fọn ohùn kìíní," ẹ̀rù ló ba obìnrin náà.

Ẹni tó bá mọ Ehrenfried kò ní bi í léèrè ìdí. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì di ohùn kìíní, ìyẹn ohùn tó ń ṣaájú orin, mú nínú ẹgbẹ́ náà bí ẹni di ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mú. Bí ẹlòmíràn bá ṣèèṣì fọn ọ́n, Ehrenfried á máa wò ó títí onítọ̀hún á fi rọra gbé fèrè sílẹ̀. Gbogbo ọdún tí Annerose fi jókòó sí ohùn kejì, ọkùnrin yìí kò kí i kú iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Òun náà ló wá ń fà á mọ́ra yìí. Ó tún ní tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ìjọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò dára ju ti ọmọ ilé ìwé lọ, kó lọ ra ojúlówó, irú èyí tí àwọn tó ń fi fèrè jẹun ń fọn, òun á sì fi mọ́tò òun gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni Annerose wí. Nígbà tó délé, ó sọ fún Volkmar ọkọ rẹ̀ pé, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Bóyá bí o ṣe ń fọn ọ́n ló wù ú."

"Ehrenfried? Volkmar, jẹun ẹ."

Ọ̀nà méjì ló rò ó sí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe fèrè ń fún Ehrenfried ní nǹkan lábẹ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ló fẹ́ kí òun tẹ́ lójú gbogbo abúlé, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ ohùn kìíní mọ́ láéláé. Láàárọ̀ Àjíǹde, kí oòrùn tó yọ, gbogbo Oberlauter ló máa ń dúró ní itẹ́ òkú láàárín àwọn èèyàn wọn tó ti lọ, tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló sì máa ń kọ́kọ́ dún. Ẹni tó bá ṣì í fọn níbẹ̀, wọn á máa sọ ọ́ títí wọn ó fi sin òun náà. Bẹ́ẹ̀, ohùn kìíní yìí ti ń wu Annerose láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan Volkmar. Bó bá ra fèrè tí kò bá a mu, owó tó fi ọdún gbọọrọ kó jọ á lọ, ohun tó ń wù ú náà á sì bá a lọ.

Ó bá Ehrenfried lọ. Pańsá ò fura, pańsá já síná. Òun á fura dé ibẹ̀, á sì fura bọ̀. Nínú mọ́tò, ó rí i pé bàbá náà kò gé búrẹ́dì rẹ̀ jẹ, inú kọfí ló ń rẹ ẹ́ sí. Èyí pàápàá kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọ̀gá Seidelmann, tó ń ṣe fèrè ní ìlú Markneukirchen, to tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sórí aṣọ kan lórí tábìlì. Ọ̀kan ń dán bíi wúrà, wọ́n fi fàdákà bo èkejì, ẹ̀kẹta sì jẹ́ idẹ lásán tí wọn kò fi nǹkan kan kùn, tó ti ṣú bí ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀gá wá tọ́ka sí ògiri fún Ehrenfried. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá sin èèyàn wá yan fèrè, ògiri ni yóò kọjú sí, kó má mọ èyí tó ń dún, torí ojú a máa tan etí jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn á pààrọ̀ ààyè, kí ẹni tó sìn ín wá náà fọn ọ́n fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Ehrenfried kọjú sí ògiri. Annerose fọn ẹsẹ orin kan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó ń dán kàn ń pariwo ni. Nígbà tó kan fàdákà, ohùn ti jáde kí ó tó mọ̀ pé òun ti mí sí i, orí rẹ̀ sì wú. Idẹ lásán náà dára, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu, ó sì ń gba èémí púpọ̀.

"Èyí tóo fọn kẹ́yìn yẹn," ni Ehrenfried wí. "Rà á."

"Ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún fọn méjì nínú wọn." Ó mú fàdákà, ó fọn ọ́n, ó gbé e sílẹ̀ kó dún lórí tábìlì, ó tún mú fàdákà kan náà, ó fọn ọ́n. "Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?"

"Méjèèjì wo? Ọ̀kan náà lo fọn. Ìgbà kejì lo kàn mí kanlẹ̀. Annerose, ṣé o rò pé igi tí mo ti ń gbẹ́ ti kó sí mi létí ni?"

Ọ̀gá Seidelmann rẹ́rìn-ín. Annerose kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí etí rẹ̀ mú tó báyìí, tó tún ń fi èyí tó wúwo lẹ́nu lé òun lọ́wọ́, ó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ó ti kàn yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọn ọ́n kémi náà gbọ́."

"Òtútù ń mú mi."

"Òtútù wo ló ń mú èèyàn láti Kérésìmesì? Ìdánrawò lẹ̀ ń wá, ẹ ò fọn nǹkan kan. Ẹ̀ ń jókòó."

"Ọ̀gá á bá ọ fọn ọ́n."

"Ọ̀gá ló ń tà á. Ẹ̀yin lẹ mú mi wá. Ẹ fọn ọ́n, àbí kí n máa lọ sílé, kí n sì bi wọ́n nínú ẹgbẹ́ ohun tí ẹ fi ń tì mí síwájú."

Ehrenfried mú tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì idẹ náà, ó gbé e sẹ́nu. Atẹ́gùn ló jáde. Ó tún un ṣe, ohùn kan sì yọ tó ń gbọ̀n bíi kẹ́tùlù tó fẹ́ hó, ó gé. Ó tún gbìyànjú, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá Seidelmann ṣàdédé rántí nǹkan kan ní yàrá ẹ̀yìn, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Wọ́n ti yọ eyín iwájú mi," ni Ehrenfried wí. "Àwọn tí wọ́n fi sí i yìí ń mì. Ètè ò ríbi fara tì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Magdalene ńkọ́?" Magdalene ni ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n sin nígbà ìkórè. "Àjíǹde rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ilẹ̀ nìyí. Mo fẹ́ dúró níbẹ̀ kí n fọn ọ́n fún un. Bí ìwọ bá ń fọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mo gbé tèmi sẹ́nu, ta ló máa mọ̀? Onídẹ yìí dún bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ìdí tí mo fi ní kí o rà á nìyẹn."

Annerose ti jàre. Nǹkan wà lẹ́yìn ẹ̀fà lóòótọ́. Ó retí kí inú òun dùn bó ṣe máa ń dùn nígbà tí òun bá jàre, kò dùn rárá. Ojú tì í débi pé aṣọ orí tábìlì ló ń wò.

"Ká ní eyín yín wà lẹ́nu," ló béèrè, "èwo lẹ ò bá ní kí n rà?"

Ehrenfried gbé onídẹ náà padà sórí tábìlì. "Fàdákà," ló wí níkẹyìn. "Bóo ṣe mí sí i báyìí, mo mọ̀ pé tìẹ ni. Inú bí mi."

Fàdákà ló rà. Lójú ọ̀nà, ó ní òun lè máa rọra fọn ọ́n lọ́jọ́ náà, kí ìyàtọ̀ ohùn rẹ̀ sí ti Ehrenfried má pọ̀.

"Dán an wò," ni Ehrenfried fèsì. "Tóo bá rọra fọn ọ́n, èmi pẹ̀lú ẹ ni."

Annerose kò gbà gbọ́ pé ó fẹ́ kí òun fọn ọ́n jáde. Títí di àárọ̀ Àjíǹde, kò gbà á gbọ́. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú òkùnkùn ìdájí, àwọn méjèèjì gbé fèrè sẹ́nu, Annerose sì fi gbogbo èémí inú rẹ̀ fọn ọ́n. Ohùn náà kò jọ ti Ehrenfried níbì kankan. Ó rí bí àwọn èèyàn ṣe ń yí orí padà. Ní ẹsẹ kejì, Ehrenfried sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ó gbé e lé orí koríko, ó sì rìn lọ láàárín sàréè. Ó ti ṣe é, ni Annerose ń rò. Ó fi mí sílẹ̀ lójú ayé, ohun tó ti ń gbèrò tẹ́lẹ̀ nìyí. Síbẹ̀, kò dáwọ́ fèrè dúró. Ìgbà tó gbójú sókè lórí ẹsẹ kẹta ló rí bàbá náà láàárín àwọn ará abúlé, lẹ́bàá sàréè Magdalene tí koríko kò tíì bò tán, ó ti ṣí fìlà, ó kọjú sí òun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí gbogbo wọn ń kí ara wọn, ìyá tó ń ṣe búrẹ́dì bi í pé, "Ehrenfried, kí ló dé tóo gbé fèrè sílẹ̀?"

"Eyín mi ti lọ," ló wí, tí gbogbo wọn gbọ́. "Annerose ló ni ohùn kìíní."

Ó wá bá Annerose níbi tó ti ń nu fèrè. Annerose ti múra ohun tó máa sọ sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ díẹ̀, ọpẹ́ díẹ̀. Ehrenfried kò jẹ́ kó sọ ọ́.

"Ìlà kẹta, o sáré jù."

"Ibi tí ẹ̀yin náà máa ń sáré nìyẹn. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ." Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Magdalene máa ń sọ fún mi lọ́dọọdún pé mo ń sáré níbẹ̀. Mo máa ń rò pé ńṣe ló ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀."