Olùrà Tá Ò Rí

Iṣẹ́ mi ṣòro ṣàlàyé fún èèyàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń ta ṣíà, ìyẹn ìpín nínú òwò wọn, fún gbogbo ayé, tí àwọn ọlọ́lá kì í bojú wò, ni mo máa ń tọpinpin. Ohun tí mo bá rí ni mo ń kọ fún àwọn tó ń sanwó kà á. Ní Under G, àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń gbé, ẹni tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ yàhúù ni wọ́n ń pè é. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin jẹ́ aláfáà, ó sì ń ránṣọ ní Ọ̀yọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ra ṣíà ilé-iṣẹ́ kan tó ń fún òróró lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ṣíà náà ló fẹ́ tà báyìí, nítorí ojú ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán, dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun yẹ ilé-iṣẹ́ náà wò.

Mo gun ọ̀kadà débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ lọ. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ní òun náà ń retí owó oṣù. Inú bí mi débi pé mo bú sẹ́rìn-ín.

Mo gba Ọ̀yọ́ lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á lónìí. Alágbàtà tó ń bá yín ta ṣíà náà ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá a rà. Tí mo bá gbé ìwé tí mo kọ nípa ilé-iṣẹ́ yìí jáde, kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́."

Kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ta lẹni náà?"

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, sà. Nínú ọjà yẹn, ẹni tó ń tà kì í rí ẹni tó ń rà."

"Mùsùlùmí kì í ta ọjà tó lálèébù láìsọ fún ẹni tó ń rà á. Bá mi wá a, kí n sọ fún un. Tó bá gbọ́, tó ṣì fẹ́ ẹ, alihamudulilai."

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní ẹni tó tà á fún un náà ò sọ nǹkan kan. Ó ní onítọ̀hún á jẹ́jọ́ tiẹ̀. Bí bàbá yìí bá ti dúró lórí ọ̀rọ̀, kàtàkátà ò lè fà á kúrò. Ìbànújẹ́ mú mi, apá mi ò ká a.

Ó wá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ìwé tìẹ yẹn, ṣé ẹni tó fẹ́ rà á lè rí i kà?"

"Ó ṣeé ṣe, sà."

"Gbé e jáde. Tó bá ti kà á, mo ti sọ fún un nìyẹn."

Mo gbé e jáde. Kò pẹ́ tí alágbàtà fi pè pé olùrà ti yí ọkàn padà, kò rà á mọ́. Bàbá ṣì ń dúró de ẹlòmíràn, ó sì ń ṣàdúà fún mi lórí fóònù pé iṣẹ́ mi dáa. Àdúà yẹn ń dùn mí wọra.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, ìyàwó rẹ̀ ní kí n ka ìwé náà sí òun létí ní Yorùbá. Mo jókòó tì í, mo kà á látòkèdélẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́.

"O kọ ọ́ dáadáa," ó ní. "Èmi náà ò ní rà á."