Fèrè Idẹ Nínú Àpótí Ìyá Mẹ́tìrì

Bí àkókò kajú bá ti dé ní Manigri, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, òórùn èso tó já bọ́ tó sì ń kan lábẹ́ igi ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lójú títì, kí ojú tó rí òrùlé kankan. Ó dùn, ó tún kan, bí ọtí tí ẹnì kan gbàgbé sínú agbè. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Bassila nígbà náà, òun náà ni mo ṣì ń ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú tí mo bá gun zémì, alùpùpù akérò wa, lọ sílé, bí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí, ara mi á sì rọ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Títí di òní, mi ò lè gbọ́ jáàsì, orin fèrè àti ìlù àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, níbikíbi kí imú mi má máa wá kajú kiri. Ìwọ tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin tí kò lọ́rọ̀ nínú ni mo fẹ́ràn, fara balẹ̀, kí n sọ bó ṣe rí fún ọ.

Àwa mẹ́ta ni. Àgbà wa ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo Manigri ń pè ní Mẹ́tìrì, bí a ti ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Èkejì ni atúnrédíòṣe kan ní Bassila, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń da etí kọ nǹkan kó tó fojú wò ó, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún rédíò tí àwọn olówó wọn ti gbàgbé. Èmi ni ẹ̀kẹta. Mo gbé rédíò mi lọ fún un kó bá mi tún un ṣe, mo bá fèrè kan tó ń dún níbẹ̀, mo sì gbàgbé láti lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, atúnrédíòṣe á so maginẹ́tò rẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, á wá bá wa lábẹ́ igi kajú tó wà lẹ́bàá ilé Mẹ́tìrì.

Jáàsì tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo gan-an ni a ń wá. Èyí tí wọ́n ṣe nínú yàrá tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ kò dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. A fẹ́ ibi tí ife ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹlòmíràn ń wúkọ́, tí obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí afọnfèrè ń mí sínú. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti ń yí, kí olúkúlùkù pa ẹnu mọ́. Bó bá parí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun kan tó gbọ́ tí kì í ṣe orin, ibẹ̀ la ó sì ti máa tọpa ibi tí wọ́n ti ṣeré náà, bí àwùjọ ṣe pọ̀ tó, bóyá òjò ń rọ̀. A ní àwọn ọ̀rẹ́ ní Parakou àti ní Cotonou tí àwa pẹ̀lú wọn jọ ń pín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. A ti jiyàn rí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lórí ikọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìyá mi ní iṣẹ́ kò tó wa ṣe ni.

Ṣùgbọ́n Mẹ́tìrì ní ohun tirẹ̀ tó ń wá. Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń fọn tùróńpẹ́ẹ̀tì, fèrè idẹ tí àwọn sójà máa ń fọn. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, Mẹ́tìrì ní kó yan ọ̀kan nínú fèrè àti ìwé. Àbúrò yan fèrè. Mẹ́tìrì bá sọ̀rọ̀ kan sí i tí kò ṣeé kó padà, ọmọkùnrin náà sì kọrí sí Cotonou, láti ibẹ̀ ó bá àwọn eléré lọ sí Gabon, ibẹ̀ ló kú sí. Lẹ́yìn tí ìròyìn ikú dé ni Mẹ́tìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ jáàsì. Kò fi pa mọ́ fún wa. Gbogbo fèrè idẹ tó bá gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíràn, àbúrò rẹ̀ ló ń wò bóyá ó wà níbẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìjì ṣí páànù orí ilé tí ìyá rẹ̀ gbé títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù kúrò lórí àjà, wọ́n rí àpótí onígi kan tí kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ mọ́. Gèlè ló wà nínú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kan sì wà nínú gèlè náà, wọ́n wé e dáadáa bí ẹni wé ọmọ tuntun. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Ìyá yẹn kò sì ní maginẹ́tò rí láyé rẹ̀.

Atúnrédíòṣe lo ọ̀sẹ̀ kan lórí rẹ̀. Ó tú u, ó fi òwú nu ẹ̀gbin ara okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó so ibi tó já, ó sì yí i sínú ike tuntun. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a jókòó. Fèrè idẹ kan bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń lọ bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Lẹ́yìn náà ni ìlù wọlé: gbì, gbì, gbì, kó! Gbì, gbì, gbì, kó! Fèrè gba ìlù náà mọ́ra, ó ń yí i po, ó ń sá fún un, ó tún ń padà wá bá a. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ewé bọ̀ sí wa lórí ẹsẹ̀, ó sì ń ṣe mí bíi pé ilẹ̀ tí mo jókòó lé ń rọra gbé mi lọ síbì kan tí mo ti mọ̀ rí. Mi ò fẹ́ kó parí. Nígbà tó parí, atúnrédíòṣe na ọwọ́ pa maginẹ́tò.

Mẹ́tìrì ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, “Àbúrò mi nìyẹn.”

Mo bi í pé, “Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá?”

“Tó bá fẹ́ parí, á gbé e sókè díẹ̀, bíi pé kò tíì sọ tán. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn.”

Ìgbà náà ló wá sọ ohun tí kò sọ fún wa rí. Ní ọdún tí wọ́n gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní Doguè, ó wálé fún vakáńsì, ìsinmi ilé ìwé, ìyá rẹ̀ sì sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ wá. Ìyá náà ti ń dàgbà, ó ti ń ṣi orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pè. Mẹ́tìrì ní, “Ìyá, àlá lẹ lá.” Ìyá tún un sọ. Mẹ́tìrì ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta mọ́, kí àwọn ènìyàn má bàa sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ìyá náà dákẹ́. Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá, ó ti kú. Bí Mẹ́tìrì ṣe ń sọ ọ́, ó ń wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn bí ẹni tí wọ́n gbé ìwé ilé ẹjọ́ síwájú rẹ̀.

Atúnrédíòṣe ló yọ ọ́. Ó ní kò lè jẹ́ Manigri ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. “Bàbá, ẹ gbọ́ onílù yìí! Awọ méjì ló ń lù, ó tún ń fi igi kan etí ìlù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba tó báyìí, Cotonou ló wà.”

Mo ní mo gbọ́ adìẹ.

“Ṣé adìẹ ò sí ní Cotonou ni?”

Mẹ́tìrì bá di ọ̀rọ̀ náà mú. Ó ní, “Á jẹ́ pé ó fi rán awakọ̀ sí ìyá ni.” A ní ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Á jẹ́ pé kò wá.” Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀. Bí àbúrò kò bá wá, a jẹ́ pé lóòótọ́ ni ìyá lá àlá, ọmọ kò sì ṣẹ̀ ẹ́. A fi ohùn náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wa. Ẹni ti Parakou ní ọlọ́wọ́ òsì ni onílù náà. Àgbàlagbà kan ní Cotonou, tí kò sí ohun tí kò mọ̀, búra pé òun mọ ọwọ́ yẹn, ó tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó ni ín. Láti ìgbà náà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Mẹ́tìrì ń ní kí a gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìlù nìkan ló ń gbọ́. Ó ń fi ìka kà á lórí orúnkún rẹ̀, ó sì ń mi orí.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ìyá mi yà síbẹ̀, ó ru iṣu tí mo fẹ́ gbé padà sí Bassila. Àgbàlá kan náà tí Mẹ́tìrì ti dàgbà ni wọ́n gbé ìyá mi wọ̀ nígbà tó ṣe ìyàwó, ìdí nìyẹn tí Mẹ́tìrì ṣì ń pè é ní Ìyàwó, bó ti ní ewú lórí tó. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó fẹ́ kí wa, kásẹ́ẹ̀tì sì ń yí lọ. Mo rí i tó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣù jọ síwájú àyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Atúnrédíòṣe ní, “Mámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí.”

“Kí ló fẹ́ parí? Iyán ni.”

“Ìlù ni, Mámà.”

“Ìlù wo? Ọmọ odó méjì ló ń ró yìí. Èyí tó wúwo, èmi ni. Èyí tó ń kan etí odó, Ìyá ni, kí n lè gbọ́wọ́ sókè kó yí iyán padà.” Ó kọjú sí Mẹ́tìrì. “Ẹ̀yin náà, Mẹ́tìrì! Ta ló tún ń kan etí odó bẹ́ẹ̀ nínú àgbàlá wa?”

Ẹni tí a fi ìró odó yẹn jí, tí a fi tọ́ dàgbà, tó bá ń bọ̀ láti ilé ìwé tó máa ń ti ọ̀nà gbọ́ ọ tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré! Etí tó ń wá ikọ́ àjèjì nínú kásẹ́ẹ̀tì kò dá ìyá tó bí i mọ̀, nítorí pé onílù ló jókòó láti gbọ́. Èmi náà ńkọ́? Ọwọ́ ìyá mi ni ọwọ́ kejì.

Mẹ́tìrì bi í, ohùn rẹ̀ kéré, “Ìgbà wo, Ìyàwó?”

“Ìgbà tí ẹ wà ní Doguè. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló sùn lọ́dọ̀ wa. Ó gbé maginẹ́tò lé àpótí ìjókòó, ó ní ká má dáwọ́ dúró, òun máa bá wa gún un. À ń gún, à ń jó. Iyán ọjọ́ yẹn, kókó ni látòkè délẹ̀! Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́.”

“O ò sì sọ fún mi.”

“Mo bi Ìyá nígbà tẹ́ ẹ wá fún vakáńsì, mo ní ṣé ó ti sọ fún yín. Ó ní òun ti sọ. Ó ní inú yín dùn púpọ̀.”

Kásẹ́ẹ̀tì ti parí, maginẹ́tò kàn ń dún ṣàà ni. Mẹ́tìrì ní, “Mo ní àlá ló lá.” Ìyá mi kò lóye. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìyọ ohunkóhun kúrò. Ìyá mi jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ohun tí ìyàwó ilé kì í ṣe lọ́dọ̀ wa, ó sì ní, “Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Kò fi yín sùn rí.” Ohun tó wá mú àgbà ọkùnrin náà sunkún nìyẹn. Ó sunkún bí ọmọdé, kò bojú, èmi àti atúnrédíòṣe sì ń wo ilẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó ní ká fún òun ní bíìrò. Ó kọ ọ́ sára ìwé kásẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn olùkọ́ àtijọ́: orúkọ àbúrò rẹ̀, fèrè idẹ, orúkọ ìyá rẹ̀ àti ti ìyá mi, odó, Manigri, àgbàlá wa. Sísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí pé: “Èmi kò sí níbẹ̀.” Atúnrédíòṣe fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àgbàlagbà ti Cotonou. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kó tó fèsì, ó ń bèèrè ẹgbẹ́ eléré tí ìyá mi wà nígbà náà. Ìyá mi ní ká sọ fún un pé ẹgbẹ́ ìyàwó ilé ni.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. A lè fi ọ̀sẹ̀ méjì jiyàn lórí ikọ́ ẹni tí a kò ní rí láyé, ìyá sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo létí ọmọ rẹ̀, ní èdè tí ọmọ gbọ́, kò rẹ́ni gbà á gbọ́. Mi ò bínú sí Mẹ́tìrì. Mo ti dá ìyá tèmi lẹ́nu dúró lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ohun tó kéré ju ìyẹn lọ, mo sì ń gbìyànjú báyìí láti jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dópin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni ti ìyá yẹn. Ọmọ rẹ̀ tó sọnù wálé, ó sì fẹ́ rí ẹni bá a yọ̀. Nígbà tí èyí tó wà nílé kò yọ̀, ó lọ bá ìyàwó ilé nídìí odó, ó ní inú Mẹ́tìrì dùn púpọ̀.