Kapembwa, Ẹni Tí Ẹ̀fẹ̀ Kú Mọ́ Lẹ́nu

Kí òkèlè nshima há mi lọ́fun bí irọ́ kankan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ̀wé ju àwọn tó lọ. Èmi gan-an ni mo kọ́ Kapembwa ní ọ̀rọ̀ sísọ, nígbà tó ṣì ń dúró lórí ọ̀gán ní Kitwe, nílẹ̀ Zambia, tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbà á síṣẹ́, ohùn rẹ̀ dùn débi pé adìẹ ń fi ẹyin sílẹ̀ wá wòran. Mo sọ fún un pé, "Wọ́n ti fojú ara wọn rí bọ́ọ̀lù. Ata ni kí o bá wọn fi sí i." Ẹ̀fẹ̀ ni ata rẹ̀. Ẹ̀yà Bemba ni èmi àti Kapembwa. Àwa àti ẹ̀yà Ngoni bára wa jagun láyé àwọn baba ńlá wa. Láti ìgbà náà la ti di ìbátan ẹ̀fẹ̀. Àwa ní wọ́n ń jẹ eku, àwọn ní à ń jẹ ọ̀bọ, kò sẹ́ni tó ń bínú. Bí wọ́n bá ṣòfò, àwa là ń gbẹ́ sàréè, àwa náà là ń bú òkú, kí ẹkún má bàa pa alààyè.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Yobe Nzima, ọmọ Ngoni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn awakùsà, ṣubú láàárín pápá. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ wò ó, Yobe ti rí ihò eku," ni Kapembwa wí. Gbogbo Zambia rẹ́rìn-ín. "Dìde, ìbátan, eku yẹn ti sá lọ."

Yobe kò dìde. Ọkàn rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Níbi ìsìnkú, Kapembwa bá wa gbé ṣọ́bìrì lọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Yobe, tó jókòó lórí ẹní, ní kí wọ́n dákẹ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ìbátan wa ni, iṣẹ́ ẹ̀ ló wá ṣe. Kapembwa, bú ọmọ mi kí n gbọ́."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyá wo? Ṣé ọ̀bọ lo jẹ yó ni? Ẹnu tó ń pariwo káàkiri ilẹ̀ yìí, iwájú mi ló ti wá dákẹ́? Àbí o fẹ́ kí ọmọ mi lọ bí ẹni tí ò ní ìbátan?"

Ó lanu. Ẹnu náà ṣí sílẹ̀ títí eṣinṣin fi wọ̀ ọ́, tó sì tún jáde. Ọ̀rọ̀ kò wá. Ó padà gbẹ́ sàréè náà tán lóun nìkan, ó sì jìn ju ihò awakùsà lọ.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, agbábọ́ọ̀lù kan ṣubú, Kapembwa sì dákẹ́. Gbogbo Kitwe ń gbá tẹlifíṣọ̀n wọn lábàrá, wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ti ṣubú.

Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Kapembwa, ọ̀rọ̀ la gbà ẹ́ fún. Ẹni tó lè dákẹ́ pọ̀ nílùú." Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ilé Ìyá Yobe ni Kapembwa ti ń wo bọ́ọ̀lù báyìí. Màmá náà á pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, á kọjú sí i: "Ọ̀bọ, sọ̀rọ̀." Á kàn mirí. Màmá á tún bú u, á sì dúró de èsì. Èsì kò tíì wá. Ìyá Yobe ń bẹ láàyè ní àdúgbò Chimwemwe. Ẹni tó bá ní mo fi iyọ̀ sí i, kó lọ bi í.