Omi Tí Kò Dé Àyà Mi

Oṣù kẹsàn-án ni a kó kúrò ní Oǹdó wá sí Àkúrẹ́, nítorí pé ìjọba gbé iṣẹ́ ọkọ mi wá síbẹ̀. A gba ilé nítòsí Arakale, níbi tí a ò ti mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wa méjèèjì á ti ilé ìwé dé, wọ́n á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa béèrè ìgbà tí a máa padà sílé. Bàbá wọn ní kí wọ́n wá nǹkan tí wọ́n á máa bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe, kí ìlú lè tètè mọ́ wọn lára. Èyí obìnrin lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn akọrin ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ ní gbogbo Sátidé.

Ẹ̀rù bà mí. Màmá mi kì í jẹ́ kí àwa ọmọ rẹ̀ dé etí odò rárá. Mo ti lé lógójì ọdún, omi kò sì mù mí kọjá orúnkún rí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ẹ̀rù tèmi dí ọmọ lọ́wọ́, ni mo bá gbà.

Sátidé àkọ́kọ́, èmi ni mo mú un lọ. Ọjà Ọba ni mo fẹ́ gbà lọ láti ibẹ̀, torí náà ìró àti bùbá ni mo wọ̀. Àwọn ìyá yòókù wọ ṣòkòtò, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, mo sì jókòó lọ́tọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ ti wọ inú omi, kóòṣì tó ń kọ́ wọn fọn fèrè, ó sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́. Gbogbo àwọn ọmọ náà rì sábẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Orí kan yọ, òmíràn yọ, mo ń wá ti ọmọ mi, mi ò rí i. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fi èdè Oǹdó kígbe pé omi ti gbé ọmọ mi lọ, mo sì bẹ́ sínú rẹ̀ tòun ti bàtà.

Mo mu omi, mo ń fọwọ́ gbá a kiri, kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti kanlẹ̀. Nígbà tí mo nàró, omi náà kò dé àyà mi. Ìró mi ti tú, ó ń léfòó lọ, yẹ̀rì nìkan ló kù ní ìdí mi. Ọmọ mi dúró níwájú mi, ó ń wò mí.

Kóòṣì rọra sọ̀rọ̀. "Mà, ìdíje la ń ṣe, ta ló máa pẹ́ jù lábẹ́ omi. Ọmọ yín ló sì fẹ́ borí."

Ọmọ kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà fi táwẹ̀lì bò mí, mi ò lè wo ojú rẹ̀ dúpẹ́. Nínú kẹ̀kẹ́, awakọ̀ bi mí bóyá òjò ló pa mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a fẹ́ dé ilé ni ọmọ mi tó sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi lọ mọ́."

Nírọ̀lẹ́, mo pe màmá mi, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó kàn ń bi mí léraléra bóyá ọmọ náà ti jáde nínú omi ni. Mo ní ó ti jáde. Ó ní kí ló wá ń tì mí lójú.

Ọkọ mi ló ń mú ọmọ wa ọkùnrin lọ lúwẹ̀ẹ́ láti ìgbà náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan tí mi ò rí rí bi mí bóyá èmi ni ìyá tó bẹ́ sómi. Ọmọbìnrin mi tó dúró tì mí wolẹ̀. Bí Àkúrẹ́ ṣe mọ̀ wá nìyẹn. Àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ mi ọkùnrin ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe é ní yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ kò pa Sátidé kan jẹ. Tí mo bá rí i tó ń di báàgì rẹ̀, ojú tún máa ń tì mí.

Nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ sí Ìgbàrà-Òkè ní Sátidé kan. Mo sọ fún ọmọ mi pé ẹnu géètì ni màá dúró sí. Nígbà tí a débẹ̀, ó ronú díẹ̀.

"Ẹ lè wọlé. Ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó sí ẹ̀yìn."

Mo jókòó ti ògiri. Ó lúwẹ̀ẹ́ láti etí kan dé èkejì láìdúró, ó gbé orí sókè, ó ń fi ojú wá mi kiri. Mo na ọwọ́ sí i. Mo rí i pé àwọn ìyá náà ti yíjú sí mi, mo sì yára sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.