Téra Mẹ́tàdínlógójì Tí Wọ́n Ní Tonton Ṣọpẹ́ Jí

Ọjọ́ tí Madame Motúnráyọ̀ mú Tonton Ṣọpẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀sùn rẹ̀ kò gùn. Òun ló ni ilé ìtẹ̀wé kan ní àdúgbò Koumassi. Adéṣọpẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Tonton Ṣọpẹ́ bí ẹni ń pe àbúrò bàbá ẹni, ló ń bá a tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Madame ní òun fi ogójì téra síkàáwọ́ ọkùnrin náà láti bá òun pa mọ́, mẹ́ta péré lòun sì bá nínú ẹ̀rọ. Téra ni wọ́n fi ń wọn ẹrù inú kọ̀ǹpútà, bí ìgbà téèyàn ń fi kóńgò wọn ìrẹsì.

Sájẹ́ǹtì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣí ìwé ńlá rẹ̀.

"Téra yìí, àwọ̀ wo ló ní?"

"Kò ní àwọ̀."

"Ó wúwo?"

"Kò wúwo rárá."

"Ta ló rí i nígbà tó ń gbé e jáde?"

"Kò sẹ́ni tó rí i. Òun alára ní kò jáde, ó ní ó ṣì wà níbẹ̀."

Sájẹ́ǹtì rọra gbé bíírò sílẹ̀. "Madame, ohun tí kò ní àwọ̀, tí kò wúwo, tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó jáde, tó tún lè jẹ́ pé ó wà nílé. Ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kẹ́ ẹ gbé èyí lọ."

Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́, kó máa lọ sílé. Tonton Ṣọpẹ́ fọwọ́ ti tábìlì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe mẹ́tàdínlógójì. Mẹ́tàdínlógójì àtààbọ̀ ni. Madame ti yọ nínú iṣẹ́ mi."

Kí á má parọ́ mọ́ òkú, iṣẹ́ náà tó ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé yẹn, lórí kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án. Kàlẹ́ńdà ìjọ, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àwòrán ìkéde òkú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Nítorí pé kò sẹ́ni tó fọkàn tán ẹnì kejì, kálukú ló ń pa ẹ̀dà tirẹ̀ mọ́. Kàlẹ́ńdà bíṣọ́ọ̀bù kan wà lọ́dọ̀ Huguette tó ń ya àwòrán, orúkọ rẹ̀ ni *final*. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà kejì, *final_vrai*, ìyẹn èyí tó kẹ́yìn lóòótọ́. Ó wà lórí ẹ̀kẹta, *final_vrai_bon*, èyí tó kẹ́yìn lóòótọ́ tó sì dáa. Lórí ti Madame fúnra rẹ̀, *ne_pas_toucher*, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lórí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, bíṣọ́ọ̀bù kan náà ni, ẹ̀rín kan náà, eyín kan náà.

Ohun tí Tonton ṣe ni pé ó gbé ètò ìpamọ́ kan sórí ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó sì ya àpò àjọlò sínú rẹ̀, ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà kálukú, lẹ́tà Z ni àpò yìí ń jẹ́. Ohunkóhun tó o bá jù sínú Z, ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, á wo ègé kọ̀ọ̀kan lójú. Èyí tó bá ti ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ inú àpò ẹlòmíràn ló ti wọlé, kò ní pa òmíràn mọ́. Á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí wà lọ́hùn-ún. Béèrè fún tìrẹ lọ́la, á kó gbogbo ègé jọ, á gbé e fún ọ bó ṣe wà.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Tonton gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún sájẹ́ǹtì. "Ọmọ mẹ́sàn-án wà nínú ilé kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ pé, bàbá mi. Tẹ́ ẹ bá ka bàbá nínú ilé yẹn, mélòó lẹ máa bá?"

"Ọ̀kan."

"Ṣé mo wá jí mẹ́jọ ni?"

Sájẹ́ǹtì ronú dáadáa. "Ìyá wọn ló yẹ kẹ́ ẹ bi."

Àlàyé yẹn kò wọ Madame létí, kò sì yẹ ká bá a wí. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Èjìgbò. Abẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ ló ti kọ́ ìrìn. Ó mọ ibi tí aṣọ ọ̀pá mẹ́wàá ń gbà kó tó di bùbá kan. "Ẹni tó bá gba mẹ́wàá, tó dá mẹ́ta padà," ló sọ bí wọ́n ṣe ń jáde, "ẹ máà bá mi sọ̀rọ̀ ègé. Ègé ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà."

Ìdúnàádúrà Tonton kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ṣáájú ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn, nígbà tó fẹ́ ra dísìkì fún iṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ Marcel ló lọ, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ ní àdúgbò Siporex.

"Ogójì téra? Méjìlá lẹ máa rà, Tonton."

"Fún mi ní méjì."

"Ó dáa, mo yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀."

"Mi ò sọ̀rọ̀ owó. Méjì."

"Mo tún yọ."

"Méjì náà ni."

Wákàtí kan kọjá, Marcel nu òógùn ojú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, owó ni wọ́n máa ń ná lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó ń ná ẹrù ara rẹ̀ wálẹ̀."

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Huguette tún yàtọ̀. Lọ́sẹ̀ kan ṣàdédé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tonton wá a títí, ó rí i pé Huguette ń fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ pa lójoojúmọ́ kó tó jù ú sínú Z.

"Huguette, o ń fi ìbòjú bò wọ́n. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ìbòjú lójoojúmọ́, àlejò ni lójoojúmọ́. Báwo lẹ̀rọ ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí àná ni?"

"Tonton, *on ne sait jamais*, a kì í mọ̀, ẹ̀dá kò ṣeé fọkàn tán déh!"

"Ó dáa. Ẹnu àpò ni màá tì fún ọ, ìwọ fi ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ nìkan lo máa lè ṣí i."

"Ẹ̀yin náà ò ní lè ṣí i?"

"Mi ò ní lè ṣí i."

"Tí mo bá wá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Màá bá ọ ṣí i."

Àmọ́ Madame ni ọ̀gá, Madame ni kò sì gbà. Kò lé e kúrò níṣẹ́. Ó fọkàn tán an bí èèyàn ṣe ń fọkàn tán ewúrẹ́ tó jókòó ti iṣu. Ní gbogbo lundi, kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, á ní, "Ẹ mú ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ díákónì jáde, ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n ti ṣi orúkọ ìyàwó kọ." Tonton á tẹ bọ́tìnnì, ìwé á jáde, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀. Á wá na ọrùn, á máa dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ó pé. Madame á ní, "Hùn. A ó máa wò ó." Ọdún márùn-ún gbáko, kò gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní dandan ni kí ẹ̀dà ohun inú ẹ̀rọ wà níbòmíràn, kó má ba à di pé ohun tó bá ṣe ọ̀kan ṣe méjèèjì. Ó bẹ̀ ẹ́ títí Madame fi gbà kí àpótí kékeré kan máa gbé nílé òun ní Biétry, lókè kẹta, láàárín fíríìjì àti páálí tòmátì. "Ogójì téra yín lè gba ibi yìí?" Madame bi í. "Mẹ́ta ló máa gba ibẹ̀," ni Tonton dáhùn, "ogójì ló máa jáde." Madame wo tòmátì rẹ̀, ó kà á.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, àyà dùn ún fún ọjọ́ mẹ́rin péré, Tonton Ṣọpẹ́ sì lọ. Madame ló tẹ àwòrán ìkéde rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi parí rẹ̀, ó ti di *final_vrai_bon_bon*.

Nínú oṣù kẹfà, òjò dé. Koumassi kún, omi wọ ilé ìtẹ̀wé, ó ga dé tábìlì. Kọ̀ǹpútà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mumi yó. Ẹ̀rọ yàrá ẹ̀yìn kú pátápátá. Iṣẹ́ ogún ọdún. Bí kò bá padà, ilẹ̀kùn á tì, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á sì máa wáṣẹ́ kiri.

Huguette gun òkè kẹta ní Biétry lọ sídìí àpótí náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí wọ́n yá, ó sì mú ìwé kan tí Tonton fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún un dání. Ó kà á sókè, nítorí Madame ní kó kà á sókè.

"Huguette, kọ́kọ́ wá àga fún Madame. Tẹ ibi tí mo sàmì sí. Ẹ̀rọ á sọ pé wákàtí mọ́kànlá ló máa gbà. Má dá a lóhùn, iye tó kọ́kọ́ dá lé e ni, bíi ti ọlọ́jà. Tó bá yá á dín in kù fúnra rẹ̀. Ẹ má fi omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Wákàtí mẹ́fà ló gbà. Madame kò kúrò lórí àga. Nígbà tó parí, ó mú bíírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, àpò kan tẹ̀lé òmíràn, ọdún kan tẹ̀lé òmíràn, títí dé bíṣọ́ọ̀bù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọjọ́ méjì ló fi kà á. Ó dìde, ó wọ takisí lọ sílé Ìbídùn, opó Tonton, ní Siporex.

"Ìyá Ṣèyí," ló sọ, kó tó jókòó, "ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n sọ fún un ni mo gbé wá fún yín. Ó pé. Ogójì rẹ̀ pé. Kò fi ẹyọ kan dín."

Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ha, Madame! Ẹ rọra sọ ọ́, kó má gbọ́!"

"Kó má gbọ́ kẹ̀?"

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nítorí lundi yín. Á máa rò ó pé, kí ni Madame máa béèrè lọ́la? Mo ní, Bàbá Ṣèyí, ẹ ò ṣe ní kó wá jẹ́wọ́ pé ó pé, kẹ́ ẹ sinmi? Ó ní kí n panu mọ́. Ó ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sọ pé ó pé, ẹ ò ní wá sẹ́nu ọ̀nà òun mọ́."

Madame rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti tú gèlè, kó fi nu ojú. Ìbídùn lọ bu omi wá fún un.

Ní lundi tó tẹ̀lé e, Huguette wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń to ẹ̀rọ tuntun, nígbà tó rí i pé ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mú fáìlì kan jáde," ni Madame wí.

"Èwo, Madame?"

Madame gbé ara ti ìgànnà, ó jọ pé kò fẹ́ tètè lọ.

"Èyí tó bá wù ẹ́."