Ọmú Tí Adájọ́ Kò Mu

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. Alágbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, aláró ni ìyá mi, wọ́n sì rán mi lọ sí ilé ìwé nígbà tí ọ̀pọ̀ kò rán ọmọbìnrin. Mo ṣe olùkọ́ ní Agége títí mo fi fẹ̀yìn tì sí Àgídìngbì, níbi tí òórùn bísíkíìtì láti ilé iṣẹ́ ẹ̀yìn ọgbà wa ti ń jí wa láràárọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo tọ́ dàgbà, èmi kọ́ ni mo sì bí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bí i. Ó kú sórí ìkúnlẹ̀, mo sì gba ọmọbìnrin jòjòló náà lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Lónìí, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ni, ó ń gbé ní GRA Ìkẹjà.

Nígbà tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ku díẹ̀, ẹjọ́ àwọn olóṣèlú kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àgbà ọkùnrin mẹ́ta fi wọ ilé mi, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Màámi, ẹ gbà wá,” ni olórí wọn wí. “Ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín. A kò ní kó dá wa láre o. Kó ṣáà ti pàṣẹ pé kí wọ́n yọ orúkọ alátakò wa kúrò nínú ìwé ìdìbò títí ẹjọ́ yóò fi parí.”

“Ìgbà wo ni yóò parí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Háà, Màámi! Kó tó parí, àwa ti dórí àlééfà.”

Ó yé mi. Àṣẹ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gba ohun tí ìbò aráàlú kò ní fún wọn. Bí kóòtù bá wá dá wọn lẹ́bi lẹ́yìn náà, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Èkejì wọn sún mọ́ mi. “Ẹ kúnlẹ̀ fún un, kí ẹ di ọyàn mú, kí ẹ ní, ‘Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́.’ Ọmọ wo ló tó kọ ìyẹn?”

Kò sí Yorùbá tí kò mọ bí ẹ̀bẹ̀ náà ti lágbára tó. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ìwádìí.

“Ẹ dìde,” ni mo wí. “Kò mu ọmú mi rí. Wàrà agolo ló mu dàgbà. Ṣé kí n gbé agolo lé àyà, kí n fi bẹ̀ ẹ́ ni?”

Ẹ̀kẹta wọn bú sẹ́rìn-ín, olórí wọn sì fi ìgúnpá gún un. “Kò burú, Màámi. Ẹ jẹ́ ká ṣáà sọ pé ẹ̀yin lẹ rán wa.”

Èyí ló bà mí lẹ́rù. Orúkọ mi ni wọ́n fẹ́ fi ba ti ọmọ mi jẹ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, mo sì pe ọmọ mi lórí fóònù lójú wọn kí wọ́n tó jáde.

“Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni tó bá ní èmi ni mo rán òun sí ọ, irọ́ ló pa.”

Ó dá mi lóhùn. “Ẹ ṣé, Màámi. Ẹ má sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún mi o. N kò sì ní lè wá kí yín títí n ó fi ṣe ìdájọ́.”

Ó dùn mí, nítorí òun ló máa ń kán oògùn sí mi lójú lópin ọ̀sẹ̀. Aládùúgbò mi ló ń bá mi ṣe é ní gbogbo àkókò náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì rọ̀.

Rédíò ni mo ti gbọ́ pé ó kọ ìbéèrè wọn: kí orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé ìdìbò, kí aráàlú fúnra wọn yàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi náà, tó fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ mi wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Kò sọ̀rọ̀ ẹjọ́, n kò sì bèèrè. Ó bọ́ bàtà, ó nà sórí àga gígùn, oorun sì gbé e lọ. Mo fi ìró mi bò ó lẹ́sẹ̀, mo sì jókòó tì í títí ó fi jí. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá nìyẹn.